Ṣé lóòótọ́ ni pé orúkọ òrìṣà ni "Bíbélì"? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ohùn WhatsApp

OmoOnisuuru (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àná ni fóònù mi ò ti sinmi. Ẹnìkan ju ohùn kan sójú òpó WhatsApp ìdílé wa, oníwàásù kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, n ò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ní ká má pe ìwé yìí ní Bíbélì mọ́. Ó ní abo òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ "Biblia", pé ìlú kan létí òkun ní Lẹ́bánónì ni wọ́n ti ń bọ ọ́, pé gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ ṣí Bíbélì yín", òrìṣà ló ń pè láìmọ̀.

Màámi ti gbà á gbọ́ o. Nígbà tí mo máa fi jí láàárọ̀ yìí, wọ́n ti lẹ bébà funfun mọ́ ẹ̀yìn Bíbélì wọn, wọ́n fi báírò kọ "ÌWÉ MÍMỌ́" gàdàgbà sí i. Bíbélì tí Bàbá wa rà fún wọn lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó ni o! Ṣé òótọ́ kankan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

GbedeGbeyo
Ẹ bá mi sọ fún oníwàásù yẹn pé kó má dá ìpàdé sí Jánúárì mọ́, òrìṣà àwọn ará Róòmù tó ń jẹ́ Janus ló ni ín. Kó má sì gba ìdámẹ́wàá ní Máàṣì, Mars ọlọ́run ogun ló ni ìyẹn. Ó tán.

OlukoFeyinti
GbedeGbeyo, fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná. OmoOnisuuru, ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ má já bébà yẹn kúrò tipátipá o, a ó dé ibẹ̀.

Ìlú náà wà. Ibi tí oníwàásù yẹn ti gbà á nìyẹn. Etí òkun Mẹditaréníà ló wà, ní àríwá Bèírùtù, nǹkan bí 40 kìlómítà sí ibẹ̀. Ó ti lé ní 8,000 ọdún tí èèyàn ti kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, UNESCO sì kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 1984. Láyé àtijọ́, àwọn onílùú ń pè é ní Gebal. Nínú Bíbélì Yorùbá, Gébálì ni. Ẹ wo Jóṣúà 13:5, ẹ ó rí ilẹ̀ àwọn ará Gébálì. Ẹ tún wo 1 Àwọn Ọba 5:18: àwọn ará Gébálì wà lára àwọn tó gbẹ́ igi àti òkúta fún tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì King James fún òyìnbó ò tilẹ̀ ka orúkọ ìlú yìí sí orúkọ níbẹ̀, "agbẹ́kùúta" ni wọ́n fi sí i. Ìsíkíẹ́lì 27:9 ló dùn mọ́ mi jù. Wòlíì ń kọ orin arò fún ìlú Tírè, ó fi Tírè yẹn wé ọkọ̀ ojú omi, ó wá ní àwọn àgbà Gébálì àti ọlọ́gbọ́n wọn ló ń dí ibi tí omi ń gbà wọnú ẹ̀. Ìyẹn ni pé òkìkí wọn ti kàn nídìí iṣẹ́ ọkọ̀.

Òrìṣà ńkọ́? Wọ́n ní òrìṣà, ta ni ò ní nígbà yẹn? Obìnrin ni àgbà nínú àwọn òrìṣà wọn. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ Biblia. Baalat Gebal ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "Obìnrin tó ni Gébálì". Oríkì ni, bí a ṣe ń sọ pé Ọ̀ṣun Òṣogbo. Àwọn ará Íjíbítì tó ń bá wọn ṣòwò ní Hathor tiwọn náà ni. Ẹ ò rí Biblia kankan níbẹ̀.

Àwọn Gíríìkì ló pe ìlú náà ní Byblos. Èdè Gíríìkì kan náà yìí ló ń pe koríko kan létí odò Náìlì ní byblos, tàbí biblos. Àwọn ará Íjíbítì á la igi ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tò ó ní òró, wọ́n á tún tò ó ní ìbú lé e, wọ́n á lù ú mọ́ra, wọ́n á sá a, ó di ohun tí à ń kọ̀wé sí. Láti orí koríko ni orúkọ ti bọ́ sórí ìwé. Ìwé kékeré ni biblion. Tó bá ti pé méjì, mẹ́ta, ó di biblia: "àwọn ìwé". Nígbà tí ó dé ẹnu àwọn tó ń sọ èdè Látìn, wọ́n ka ọ̀pọ̀ sí ẹyọ kan, àwọn ìwé wá di Ìwé. Ó kọjá sí Faransé, ó dé Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ò sì lè fi b àti l há ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, la bá fi fáwẹ́lì là wọ́n.

Kí Màámi ṣí Mátíù 1:1. "Ìwé ìran Jésù Kristi." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní Gíríìkì, tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú Májẹ̀mú Tuntun bí a ṣe tò ó, biblos ni. Kí wọ́n tún ṣí 2 Tímótì 4:13, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bẹ Tímótì pé tó bá ń bọ̀, kó bá òun mú aṣọ òtútù òun bọ̀, àti àwọn ìwé. Àwọn ìwé yẹn, ta biblia ni. Àbí òrìṣà ni Pọ́ọ̀lù ní kó bá òun gbé bọ̀ látilé?

AyanfeOluwa77
Bàbá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn o. Ẹ gbà pé ìlú abọ̀rìṣà ni. Ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ náà jọ orúkọ ìlú. Kí ló kù? Ohun tó bá ti ilé òrìṣà jáde, ti òrìṣà ni.

IyaOnipako
Àbúrò mi AyanfeOluwa, ṣé ẹ kì í jẹ ọ̀fàdà?

AyanfeOluwa77
Mo ń jẹ ẹ́ mà.

IyaOnipako
Ìlú kan ni Ọ̀fàdà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrẹsì ibẹ̀ ló gbajúmọ̀ tí a fi gé e kúrú, a ò sọ ìrẹsì mọ́, "fún mi ní ọ̀fàdà" ló kù. Ṣé ẹ ti béèrè rí pé kí ni wọ́n ń bọ ní Ọ̀fàdà láyé àtijọ́ kí ẹ tó bu ọbẹ̀ ayamáṣe lé e?

GbedeGbeyo
😂😂😂 Màmá, ẹ ti pa á. Ẹ gbé òkú ẹ̀.

AyanfeOluwa77
Mo gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n máa ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ.

Akayejo
Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibì kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé torí Gébálì ni àwọn Gíríìkì ti ń ra koríko yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ìlú náà, bíi ti ọ̀fàdà tí Màmá sọ. Ó dùn létí, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè ò fẹnu kò síbẹ̀. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kí àwọn Gíríìkì ti ní ọ̀rọ̀ fún koríko yẹn láti ibòmíì, kó wá jẹ́ pé orúkọ ìlú, tó jẹ́ Gubla tàbí Gebal lẹ́nu onílé, ni wọ́n lọ́ títí ó fi jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé kó jẹ́ koríko ló sọ ìlú lórúkọ, kì í ṣe ìlú ló sọ koríko.

OlukoFeyinti
O gbá mi mú. Mo gbà. Bóyá ìlú ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, bóyá koríko ni, òwò ló so àwọn méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ojúbọ. Koríko ò hù ní Gébálì, Íjíbítì ló ti ń wá. Kí ni Gébálì ní? Igi. Kédárì Lẹ́bánónì, èyí tí Íjíbítì ò ní rárá. Òwò yìí pẹ́ débi pé irú ọkọ̀ òkun ńlá kan wà tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní "ọkọ̀ Gébálì", kódà nígbà tí ọkọ̀ ọ̀hún bá ń lọ sí ìhà ibòmíì pátápátá.

IyaOnipako
Ẹ dúró níbẹ̀, Bàbá! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta pákó. Ẹ sọ ti igi yẹn fún mi dáadáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń ná an?

OlukoFeyinti
Ha, ẹ ti bá mi níbi tí mo fẹ́. Ìwé koríko kan wà tí wọ́n rí ní Íjíbítì, Mọ́síkò ló wà báyìí. Ìtàn Wenamun ló wà nínú ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 1,000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn kan ní ìròyìn ìrìn-àjò gidi ni, àwọn kan ní àlọ́ ni wọ́n fi pa, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ mọ ọjà.

Tẹ́ńpìlì Ámónì, òrìṣà ńlá kan ní ìlú Thebes ní Íjíbítì, rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wenamun lọ ra igi tí wọ́n máa fi kan ọkọ̀ òrìṣà. Wọ́n kó wúrà àti fàdákà lé e lọ́wọ́. Kó tó débẹ̀, ní èbúté Dor, ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀ ẹ̀ kó owó sá lọ. Ó dé Gébálì láìsí owó tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Zakarbaal, ọba ibẹ̀, ránṣẹ́ sí i: "Kúrò ní èbúté mi." Ọjọ́ kejì, "Kúrò ní èbúté mi." Ọjọ́ 29 ni ọba fi ránṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, ọkùnrin náà ò lọ.

Nígbà tí wọ́n wá mú un wọlé, ọba jókòó ní yàrá òkè, ó kẹ́yìn sí fèrèsé, ìgbì òkun ń là gbàà lẹ́yìn orí ẹ̀. Wenamun ní òrìṣà ńlá ló rán òun, pé baba ọba àti baba-baba ẹ̀ ṣe é, òun náà á ṣe é. Ọba ní lóòótọ́, wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n sanwó! Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìṣirò àwọn baba òun jáde. Wọ́n kà á sí Wenamun létí: fàdákà 1,000 deben ni wọ́n ti gbà. Ìyẹn tó nǹkan bí 90 kìlógíráàmù.

IyaOnipako
Yéèè! Ọba gidi! Ìwé gbèsè ni wọ́n gbé jáde! Àwọn oníbàárà mi wà tí mo fẹ́ ka ìtàn yìí sí létí. Wọ́n á dé, wọ́n á ní "ẹ máa bá mi kó o sọ́kọ̀ ná, pásítọ̀ ló rán mi".

OlukoFeyinti
Ó kù síbì kan. Wenamun ránṣẹ́ sílé, ọjà sì dé láti Íjíbítì: wúrà, fàdákà, aṣọ ọ̀gbọ̀, awọ màlúù 500, okùn 500, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì àpò 20, ẹja apẹ̀rẹ̀ 30. Àti ìwé koríko tí wọ́n ká, 500. Ìgbà yẹn ni inú ọba tó dùn, ó yan ọkùnrin 300 àti akọ màlúù 300 kí wọ́n lọ gé igi.

OmoOnisuuru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Màámi: ìwé òfìfo 500 tó gúnlẹ̀ sí Gébálì, nínú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a gbọ́ ìròyìn ẹ̀. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí ń bá wọ ọkọ̀.

KetuLemiTiWa
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kà yín. Ọ̀dọ̀ wa tí a ń kọ́ Faransé, ilé tí wọ́n ń kó ìwé sí, bibliothèque là ń pè é. Ìdí kan náà ni. Ọmọ ọdún méje tó bá ní òun ń lọ sí bíbílíótéèkì, koríko odò Náìlì ló ń pè yẹn. Ṣé oníwàásù yẹn á ti ibẹ̀ náà pa?

Akayejo
Ó dùn. Àti "pépà" tí gbogbo wa ń pè, láti orúkọ kejì tí wọ́n ń pe koríko yẹn ni, papyrus. Pépà àti Bíbélì, koríko kan náà ni. Bébà tí Màámi lẹ mọ́ ẹ̀yìn Bíbélì, ẹbí ẹ̀ ni wọ́n fi bò ó.

OmoOnisuuru
Ẹ máa pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ń kà á sí wọn létí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ o. Wọ́n ní "hẹn hẹn". N ò mọ èyí tí hẹn hẹn yẹn jẹ́.

AlfaAdinni
Salaamu alaykum. Èmi ò sí nínú ìjà yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ pé àwa mùsùlùmí tí à ń pe Ìńjíìlà, láti èdè Gíríìkì náà ló ti wá tó fi dé èdè Lárúbáwá. "Ìròyìn ayọ̀" ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ìwé Ọlọ́run gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kó tó dé ẹnu wa. Tí a bá ní ká máa wẹ gbogbo ẹnu tó ti gbà kọjá, a ò ní kàwé.

Akayejo
Alfa, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á tún yín ṣe.

OmoOkeAdo
Mo bá ọ̀gá Kòráà kan, ọmọ Lẹ́bánónì, ṣiṣẹ́ nílùú Ìbàdàn nígbà kan. Ọmọ ìlú yẹn gan-an ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ̀wé, mo ní "ẹ̀yin ará Byblos". Ó wò mí. Ó ní àwọn àjèjì ló ń pè é bẹ́ẹ̀, pé nílé, Jbeil ni. Ó ní Byblos wà lára pátákó hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní kò burú, tiwa náà, Èkó ni ìlú, àwọn Potogí dé, wọ́n ní Lagos, òun la ń kọ sórí ìwé títí dòní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sílé, Èkó ló ń lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi.

OlukoFeyinti
OmoOkeAdo, ìtàn yìí ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i, Jbeil yẹn, Gebal náà ni, ahọ́n Lárúbáwá ló yí i díẹ̀. Gíríìkì dé, Róòmù dé, àwọn jagunjagun àgbélébùú láti Yúróòpù dé, wọ́n pè é ní Gibelet tiwọn, wọ́n kọ́ odi tó ṣì dúró níbẹ̀. Gbogbo wọn lọ. Orúkọ tí onílé sọ ọ́ ló ń jẹ́ nílé. Èyí tí àjèjì sọ ọ́ ló wá ń rìn káyé, kò sì sẹ́ni tó ń sọ "Bíbélì" tó mọ̀ pé ìlú kan wà nítòsí ọ̀rọ̀ yẹn.

OdoIwoyi
Gébálì kan náà ló wà nínú Sáàmù 83 tó ń bá Ísírẹ́lì jà, àbí? Mo fẹ́ fi ṣe ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ 🙏

Akayejo
Rọra o, àbúrò. Wo àwọn tí wọ́n tò mọ́ ọn níbẹ̀: Édómù, Móábù, Ámónì, Ámálékì. Apá gúúsù àti ìlà-oòrùn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà pé Gébálì mìíràn ni, ní ìhà Édómù, nísàlẹ̀ Òkun Iyọ̀. Orúkọ kan, ilé méjì. Má lọ gbé kédárì lọ sí aṣálẹ̀ lórí pẹpẹ.

OdoIwoyi
Mo ti yọ ọ́ kúrò 😅

IyaIbeji_Peckham
Ẹ máà bínú, mo pẹ́ dé, ibi iṣẹ́ òru ni mo wà. Ẹ ò sọ ti pósí ọba. Ní 1922, ilẹ̀ ya ní etí òkè níbẹ̀, ibojì àwọn ọba ṣí sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí pósí òkúta ọba kan tó ń jẹ́ Ahiram, ọmọ ẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún un. Ó kọ èpè sí i lára: ọba tàbí olórí ogun tó bá wá ṣí pósí yìí, kí ọ̀pá àṣẹ ẹ̀ já, kí ìtẹ́ ẹ̀ dojú dé. Ìwé tó fi kọ ọ́ ló jẹ́ ìyanu: lẹ́tà 22, kọ́ńsónáǹtì nìkan, kò sí fáwẹ́lì kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn Fòníṣíà, ìran tí àwọn ará Gébálì wà nínú ẹ̀, ni Gíríìkì ti yá lẹ́tà, Róòmù gbà á, ó sì dé orí ABD wa. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ń tú Ìwé Róòmù inú Bíbélì sí Yorùbá, èyí tó jáde ní 1850, lẹ́tà ìran àwọn ará Gébálì ló fi ń kọ ọ́. Wọ́n sì parí odindi Bíbélì Yorùbá ní 1884. Bí oníwàásù yẹn bá fẹ́ sá fún ìlú yẹn, a jẹ́ pé kó sá fún a, b, d náà.

OlukoFeyinti
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

OmoOnisuuru
Èsì dé láti ilé o. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Màámi létí tán, títí dórí ọba tó gbé ìwé gbèsè jáde (wọ́n ní kí n tún ìyẹn kà lẹ́ẹ̀mejì). Wọ́n ní ó dáa, àwọn á máa pè é ní Bíbélì bí àwọn ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bébà yẹn o, ẹ̀yìn Bíbélì náà ti ya tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ́ ló dì í mú báyìí.

Wọ́n wá ní kí n bi Bàbá Olùkọ́: Gébálì yìí, ṣé Jésù débẹ̀?

OlukoFeyinti
Màámi, mo dọ̀bálẹ̀. Bíbélì ò sọ pé ó débẹ̀. Máàkù 7 ló sọ ibi tó dé ní ìhà yẹn, agbègbè Tírè àti Sídónì, níbi tí obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ ti pàdé ẹ̀. Gúúsù ni ìyẹn, téèyàn bá ti ibẹ̀ ń gba etí òkun lọ sókè, á kọjá Bèírùtù kó tó kan Gébálì.

OmoOnisuuru
Wọ́n ní "hẹn hẹn". Wọ́n ti ń ṣí Máàkù 7.